Wọ́n Gba Ijó, Wọ́n Pa Ohùn Mọ́ Àwọn Ìyá Wa Lẹ́nu

Ìbà Olódùmarè. Ìbà irúnmọlẹ̀, ìbà òrìṣà. Ìbà àwọn baba ńlá wa. Ìbà pàtàkì fún ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ ń ki ọmọ ní oríkì rẹ̀ kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe, ẹ̀yin ajìjàgbara àṣà nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí. Mo wà níbi ayẹyẹ kan ní agbègbè wa, láàrin Ọ̀sí àti Ìlọ́fà. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó jẹ̀bi. Wọ́n kó àwọn obìnrin bí ogún jáde nínú aṣọ kan náà, wọ́n ní kí wọ́n jó fún àwọn àlejò pàtàkì. Wọ́n jó, ijó náà sì dára. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n náwó, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí ìlù rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá àgbà kan láàrin wọn gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé tí ó ni àgbàlá tí a jókòó sí. Kò tíì kì í jìnnà tí olùdarí ètò fi rẹ́rìn-ín, tí ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa jó fún wa, ìyẹn ti tó. Kò sí àkókò fún ọ̀rọ̀." Ìyá náà wò ó, kò fèsì. Ó padà sáàrin ẹgbẹ́, ó ń jó. Ojú rẹ̀ bí ó ti ń jó yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹjọ́ tí mo wá rò kò ju ẹyọ kan lọ. Ijó tí a bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣe àṣà mọ́. Ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń pariwo pé àwọn ń gbé àṣà lárugẹ ní ilẹ̀ wa, ijó obìnrin ni wọ́n ń gbà, ohùn obìnrin ni wọ́n ń tì sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ìyá wa ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnu yẹn ni ìwé ìtàn wa kí ìwé tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí ẹnu náà ń ṣe. Ní ilẹ̀ Èkìtì, obìnrin ni ó ni àlámọ̀. Ààlà tí ìjọba amúnisìn fà, èyí tí ó kó wa mọ́ ìhà Àríwá tí ó sì mú kí wọ́n máa pe Ọ̀sí ní Ọ̀sí-Ìlọrin, gé ilẹ̀ Èkìtì sí méjì. Kò rí àlámọ̀ gé. Nínú irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ti ń sọ ti òkú tí ó lọ, ti ọmọ tí kò dúró, ti orogún tí ó ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀, ti alágbára tí ó ń rẹ́ ìlú jẹ. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó fún un ní ìwé àṣẹ. Ohùn náà ni àṣẹ rẹ̀.

Ẹ tún wo oríkì orílẹ̀. Ọkùnrin ni a ń sọ pé ó ni ilé, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ oríkì ilé? Ìyàwó ilé ni. Obìnrin tí a gbé wá láti ìdílé mìíràn, tí kò gbọdọ̀ pe àbúrò ọkọ rẹ̀ pàápàá ní orúkọ àbísọ, òun ni ó ń jókòó ti àwọn ìyálé, tí ó ń kọ́ oríkì àwọn baba ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àwọn onílé fúnra wọn yóò fi máa bi í pé, "Báwo ni ẹ ti ń kì wá?" Òun ni ó ń fi í jí ọmọ láàárọ̀, òun ni ó ń fi í pàdé ẹni tí ó ti ìdálẹ̀ dé, òun ni ó ń fi í sin òkú. Ó sì mú oríkì ilé baba tirẹ̀ dání wá. Nínú obìnrin kan ṣoṣo ni ìtàn ìdílé méjì ti pàdé. Bí ó bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ilé méjì ni ó jóná.

Oríkì kì í sì í ṣe ìyìn lásán. Ó ń rántí akọni, ó sì ń rántí ẹni tí ó sá lójú ìjà. Ó ń sọ ti ọlá, ó sì ń sọ ti gbèsè. Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí ìyá àgbà máa jó kí ó má sọ̀rọ̀, kì í ṣe àkókò ni ó ń ṣọ́. Ó ń gé ìtàn kúrò lára wa, ó fi ẹ̀rín bò ó.

Ní agbègbè wa yìí, a ní ẹ̀rí kan tí ó yẹ kí ó ti là wá lójú. Ọ̀sí ni ìlú Aréògún, ọ̀gá agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kárí ayé. Odò-Ọwá, tí kò jìnnà sí Ìlọ́fà, ni Bámigbóyè ti gbẹ́ àwọn orí Ẹpa tí ó ń mú kí ènìyàn dákẹ́ tí ó bá rí wọn. Ẹ̀yin náà mọ orí Ẹpa: ìkòkò nísàlẹ̀, ère gíga lókè, gbogbo rẹ̀ láti ara igi kan ṣoṣo, tí ọ̀dọ́mọkùnrin yóò gbé lé orí, tí yóò sì fi fò sókè níwájú gbogbo ìlú. Jagunjagun lórí ẹṣin wà nínú wọn. Ìyá tí àwọn ọmọ yí ká wà nínú wọn pẹ̀lú, ìyá tí ó pọn ọ̀kan, tí òmíràn ń mu ọmú. Ìlú gbé ìyá lé orí kí gbogbo ojú lè rí i.

Níbo ni igi wọ̀nyẹn wà lónìí? Púpọ̀ nínú wọn wà ní àwọn ilé ọnà ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní 2022, Ilé Ọnà ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn kan tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ Bámigbóyè ní pàtàkì. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún bi ara mi pé: orin tí àwọn obìnrin kọ nígbà tí orí Ẹpa ń jáde ńkọ́? Àpótí wo ni wọ́n kó o sí? Igi rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀; ohùn tí ó pe igi náà jáde ń kú lọ lójúde wa.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ bí a ti ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa. Ní 1947, àwọn Àlùfáà Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll sì bá wọn ṣe é. Bándélé, ọmọ Aréògún, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Ìjọ tí kò gbà pé òrìṣà tọ́ gbà pé ọwọ́ tí ó gbẹ́ ère òrìṣà níye lórí, ó sì wá ọ̀nà tí ọgbọ́n ọwọ́ náà kò fi ní run. Èmi kò wá yin ètò náà, n kò sì wá bú u. Ìbéèrè mi ni pé: ta ni ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnu àwọn ìyá Bándélé? Ta ni ó san owó fún ọmọbìnrin kan kí ó jókòó ti alálámọ̀ fún ọdún mẹ́ta? Ìjọ kò ṣe é, ìjọba kò ṣe é, àwa ọmọ Ìṣẹ̀ṣe náà kò ṣe é.

Kí ló dé tí wọ́n fi gba ijó, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀? Nítorí pé alágbára lè wo ijó kí ó fi ẹ̀rín músẹ́, kí ó má rí ohun tí ó kàn án níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò fún un ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde ní 1947 lòdì sí owó orí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, wọn kò gbé ìbọn. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún lọ dúró níwájú ààfin, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin, orin náà sì ń dárúkọ ẹni tí ó ń ni wọ́n lára. Gbogbo ìlú gbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́, ó sì lọ sí ìgbèkùn kí ó tó tún padà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ pé ijó nìkan ni wọ́n jó lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ti da aṣọ fún wọn, kí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ti yí padà, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò lè dúró mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ayé yí padà fún ju gbogbo wa lọ: àwọn obìnrin tí a kó kọjá òkun pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n, àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, ìyálórìṣà tí wọ́n ń pè ní Mãe Aninha dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910. Láyé ìgbà náà, ọlọ́pàá ń ya wọ ilé òrìṣà, wọ́n ń kó ìlù, wọ́n ń kó ohun ìbọ lọ. Títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó ṣe ọdún. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìnira yẹn, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò ya orin Yorùbá nípa kúrò lára ijó òrìṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fi èdè náà ra ọjà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi í ki Ọ̀ṣun, wọ́n ń fi í ki Ṣàngó, wọ́n sì ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ní 1983, Mãe Stella, tí ó wà lórí àga Mãe Aninha nígbà náà, pẹ̀lú Mãe Menininha ti Gantois àti àwọn ìyálórìṣà ẹlẹgbẹ́ wọn, fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi kéde fún gbogbo ayé pé ẹ̀sìn ni ohun tí àwọn ń ṣe, pé kì í ṣe eré ìdárayá fún arìnrìn-àjò, pé kò sì nílò kí ó sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ ti Kátólíìkì. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: a kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ohun tí ìyá àgbà tiwa kò ráyè sọ nìyẹn.

Ní Kúbà, nígbà tí wọ́n dá Conjunto Folklórico Nacional sílẹ̀ ní 1962, Nieves Fresneda, obìnrin tí ó ti dàgbà, ni ó wá di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wò bí ó bá ń jó Yemọja. Merceditas Valdés ti gbé orin Lùkùmí lọ sórí rédíò ṣáájú ìgbà náà, ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tijú láti gbọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ ọmọ òrìṣà. Victoria Santa Cruz, tí a bí ní Lima ní Peru ní 1922, kò wá kọ́ oríkì ní Ọ̀sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù, ewì alohùn ni, tí ó ń fi ẹsẹ̀ àti àtẹ́wọ́ gbè, tí ẹgbẹ́ sì ń gbè é lẹ́yìn. Ó sọ níbẹ̀ bí wọ́n ti ké orúkọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn bí èébú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, bí ó ti kọ́kọ́ kórìíra ara rẹ̀ nítorí rẹ̀, àti bí ó ti gba orúkọ náà padà, tí ó fi ṣe oyè. Ẹ rò ó wò bí wọ́n bá ní kí ó jó ewì yẹn láìsọ ọ́. Àtẹ́wọ́ ni yóò kù. Ẹ̀gbà ọrùn yóò ti kúrò níbẹ̀, ọgbẹ́ yóò wà nínú.

Ní Amẹ́ríkà, Ntozake Shange gbé obìnrin dúdú méje sórí ìtàgé, wọ́n ń jó, wọ́n ń kéwì, wọ́n sì ń sọ ohun tí ọkùnrin ṣe fún wọn àti ohun tí ìlú ṣe fún wọn. Ní 1976 ni iṣẹ́ náà dé Broadway, níbi tí àwọn òṣèré ńláńlá ti ń ṣeré ní New York. Ó dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó so ijó àti ewì pọ̀ mọ́ ara wọn kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn yà. Kí ó tó tó àkókò rẹ̀, Pearl Primus, oníjó tí a bí ní Trinidad tí ó dàgbà ní New York, ti rìnrìn àjò wá sí ilẹ̀ wa ní ìparí àwọn ọdún 1940 láti wá kọ́ ijó. Orúkọ tí wọ́n fún un níhìn-ín ni Ọmọwálé. Ó wá wo ohun tí a ní. Bí ó bá padà wá lónìí, kí ni a ó fi hàn án? Ìyá àgbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀?

N kò sọ pé àwa ni a kọ́ gbogbo wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tí ọkọ̀ ẹrú gba ilẹ̀, orúkọ àti ìdílé lọ́wọ́ wọn mọ̀ pé ijó àti ọ̀rọ̀ kò ṣeé yà. Àwa tí a wà lórí ilẹ̀ baba wa ni a ń yà á. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìlọrin ń kéwì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fara ṣàpèjúwe bí wọ́n ti rí i lórí fóònù láti Amẹ́ríkà. Èmi kò bá wọn jà. Ẹ̀bi wa ni pé a kò sọ fún wọn pé ìyá ìyá wọn ní Ẹ̀kan-Méje tàbí ní Arárọ̀mí-Ọ̀pin lè ṣe é láti àárọ̀ di alẹ́ láìwo ìwé.

Ta ni ó ń yà á? Ẹ jẹ́ kí n pín ẹ̀bi náà bí ó ti yẹ. Àwọn oníwàásù kan, ti ìhín àti ti ọ̀hún, ti sọ fún àwọn ìyá wa pé ọ̀run àpáàdì ni oríkì ń múni lọ. Ní 2023, ní Ìlọrin, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, obìnrin abọ̀rìṣà kan pète láti ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe é, ọdún náà kò sì wáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tirẹ̀ ní gbangba. Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà sí Ẹ́mírì Ìlọrin lórí rẹ̀, gbogbo ayé kà á. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin ni ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́.

Àwọn onídàájọ́ àṣà ní ọ́fíìsì ìjọba ní ẹ̀bi tiwọn. Wọ́n fẹ́ àṣà tí a lè yà ní fọ́tò láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún, tí kò ní bí ẹlòmíràn nínú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO fi ọlá fún ní 2001 ì bá ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́: lóru, Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, á yìn, á bú, á tún ìlú ṣe, kí ijó ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ijó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí ó tóbi jù wà lọ́dọ̀ tiwa. Àwa tí à ń pe ara wa ní olùmúpadàbọ̀sípò Ìṣẹ̀ṣe, ẹ wo àwọn ìpàdé wa. Ọkùnrin ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A máa ń ní kí àwọn ìyá wá "fi ijó dá wa lára yá." A ti kọ ẹsẹ Ifá púpọ̀ sílẹ̀, ó dára, mélòó nínú wa ni ó ti kọ oríkì tí ìyá rẹ̀ ń kì í sílẹ̀? A ń fi ìka sí olùdarí ètò, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ pọ̀ láàrin wa.

Mo tún fẹ́ kí a ṣọ́ra fún irú ìyìn kan. A fẹ́ràn láti máa yin ìfaradà obìnrin dúdú, níbí àti ní òkè òkun. A ń sọ pé ìyá wa lágbára, pé ìyà kò pa á. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yin alárù ní gbogbo ìgbà, tí kò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ rí, ó fẹ́ kí ó máa rù ú ni. Shange àti Santa Cruz kò gun orí ìtàgé láti wá sọ pé àwọn lè fara da ìyà. Wọ́n wá dárúkọ ìyà náà, kí ó má lè padà wá. Bí a bá fẹ́ bọlá fún àwọn ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ pé ó dùn wọ́n, kódà bí ó bá jẹ́ pé àwa ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Láti ọdún tí ń bọ̀, ní gbogbo ọdún ìbílẹ̀ àti ayẹyẹ tí a bá ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ní Ọ̀sí, ní Ìlọ́fà, ní Odò-Ọwá, ní Ọ̀bbò, kí ìyá tí ó mọ ìwúre àti oríkì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ijó tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a san owó fún un bí a ti ń san án fún onílù. Ọgbọ́n ni ó lò, kì í ṣe àánú ni a ṣe fún un. Kí olúkúlùkù wa padà sílé, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà ilé, kí ó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye. Bí ìyá bá ní apá kan wà tí kò yẹ fún etí àlejò, kí ó gbà bẹ́ẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a fi àwọn ọmọbìnrin wa tì í. Fóònù lè pa ohùn mọ́, kò lè ki òkú. Ènìyàn ni ó ń ki ènìyàn.

Ní ti ìyá àgbà tí mo rí lọ́jọ́ náà, mo lọ bá a lẹ́yìn ètò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ parí rẹ̀ fún mi." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó bi mí pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpótí, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe oríkì ilé tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu rẹ̀ ni ó kì. Oríkì tiwa ni, dé ọ̀dọ̀ baba baba mi, pẹ̀lú ohun kan nípa rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Bí ó bá jẹ́ pé ijó nìkan ni mo wò lọ́jọ́ náà, n kì bá tí mọ̀ ọ́n títí láé.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.